Olive Thurkettle àti Òkúta Òpópónà Ìsàlẹ̀

Ohun ìṣẹ̀ǹbáyé mẹ́rin ló wà ní Mardlingham, létí odò Wend. Ṣọ́ọ̀bù búrẹ́dì kò sí ẹyọ kan. Bí ebi bá pa ènìyàn níbẹ̀, kí ó lọ wo ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì tó fì sápá kan bí ọ̀mùtí tó ń wá ògiri gbára lé. Bí òùngbẹ bá gbẹ ẹ́, kí ó lọ wo ẹ̀rọ omi tó wà ní gbàgede, èyí tí ẹ̀kán omi kan kò ti jáde lẹ́nu rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti kùn ún ní ọ̀dà aláwọ̀ ewé. Bí oorun bá ń kùn ún, bẹ́ẹ̀dì kan tí ọba kan sùn sí wà lókè ilé ọtí tí wọ́n ń pè ní Adé. Ọba wo? Wọn kò mọ̀. Ọdún wo? Ìyẹn náà kò dájú. Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀dì yẹn gan-an ni, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé bàbá Len Gotts, tó ni ilé ọtí náà nígbà kan, ló rà á ní gbàǹjo lọ́dún 1971.

Ìkẹrin ni òkúta. Òkúta yìí ló mú ọ̀rọ̀ Olive Thurkettle wá, nítorí nínú gbogbo ará Mardlingham, òun ló mọ̀ ọ́n bí ẹní mowó, òun gan-an ni ẹnikẹ́ni kò sì fẹ́ gbọ́ tẹnu rẹ̀.

Ilé atukọ̀ ni wọ́n bí Olive sí lọ́dún 1937, ilé bíríkì kékeré kan tó súnmọ́ omi débi pé bí odò bá wú, àfi bí ẹni pé ẹja fẹ́ yọjú wo ohun tí wọ́n ń jẹ. Jabez ni orúkọ bàbá rẹ̀. Iṣẹ́ Jabez ni kí ó máa fa ọkọ̀ pẹrẹsẹ kan lórí ẹ̀wọ̀n irin láti èbúté Mardlingham lọ sí òdìkejì, kí ó sì tún fà á padà: ènìyàn, màlúù, kẹ̀kẹ́, àpò wíìtì, ìyàwó tuntun, òkú. Ẹni tó bá wà ní òdìkejì á pariwo, "Ọkọ̀ o!" Jabez á dìde. Kì í dáhùn. Ọ̀rọ̀ tó ń sọ lójúmọ́ kò lè ju mẹ́wàá lọ, ajá rẹ̀ ló sì ń gbọ́ mẹ́fà nínú rẹ̀. Ìyá Olive kú nígbà tí ọmọ náà wà lọ́mọ ọdún mẹ́sàn-án. Àwọn kan ní àìsàn àyà ni, àwọn kan ní àìrẹ́ni bá sọ̀rọ̀ ni. Kí Olive tó pé ọmọ ọdún méjìlá, ó ti ń dá ọkọ̀ náà fà, apá rẹ̀ sì ti le débi pé àwọn ọmọkùnrin ilé ìwé ń kí i tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

Òpópónà Ìsàlẹ̀ ni wọ́n ń pe àdúgbò wọn, orúkọ náà kò sì parọ́. Ó jin bí àwo: ilé mọ́kànlá, ògiri odò níwájú, òkè lẹ́yìn. Omi tó bá wọ ibẹ̀ kì í mọ ọ̀nà ilé. Àwọn tó kọ́ ilé ọlọ láyé àtijọ́ ló gbẹ́ ihò kan sí ìparí òpópónà náà, wọ́n sì fi bíríkì la gọ́tà gba abẹ́ ilẹ̀ lọ sí ẹ̀yìn ilé ọlọ, níbi tí odò ti ń já wálẹ̀ ní ìwọ̀n gíga ènìyàn kan. Ihò náà kò ní ìdérí. Nígbà òtútù ọdún 1953, fíkà ìgbà náà, ìyẹn àlùfáà ṣọ́ọ̀ṣì wọn, kó sínú rẹ̀ nígbà tó ń ti ilé ọtí Adé bọ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sì kán. Ó ní aláìsàn lòun lọ bẹ̀ wò. Kò sẹ́ni tó bi í pé aláìsàn wo ló ń gbé nínú àgbá ọtí.

Jabez ni wọ́n ní kí ó wá nǹkan ṣe sí i. Ó lọ sí àgbàlá ilé ọlọ, ó wá òkúta ńlá kan tí àwọn ọlọ́jà ń gùn kí wọ́n tó gun ẹṣin, ó yá okùn lọ́wọ́ bàbá Len Gotts ní ilé ọtí Adé, ẹṣin méjì sì bá a wọ́ ọ wá. Ó po sìmẹ́ǹtì sí etí ihò náà, ó gbé òkúta lé e. Ó nu ọwọ́ rẹ̀, ó wo ọmọ rẹ̀.

"Bí omi bá wọlé, ṣí i."

Lẹ́yìn náà ó wọlé lọ jẹun. Ó ti ná ọ̀rọ̀ ọjọ́ náà tán.

Ọ̀rọ̀ afárá dé lọ́dún 1961. Alága ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ fúnra rẹ̀ ló wá sọ fún wọn. Ọkọ̀ Jabez ló wọ̀ sọdá, ó dúró ní èbúté, ó sì fi odidi wákàtí kan ṣàlàyé pé ìgbà ọkọ̀ fífà ti kọjá, pé kò sẹ́ni tó tún nílò rẹ̀ láyé òde òní. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Nígbà tó parí, ó bẹ Jabez pé kí ó jọ̀ọ́ kí ó fa òun padà sí òdìkejì.

Àwọn òṣìṣẹ́ dé pẹ̀lú irin àti sìmẹ́ǹtì. Nínú gbogbo ọkùnrin tó wà lórí ilẹ̀ England tí Olive ì bá fi ojú sí, Declan Rourke, ará Ireland tó wá ri òpó afárá náà mọ́lẹ̀, ni ọkàn rẹ̀ lọ bà lé. Ọkàn, o kú iṣẹ́. Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, Jabez rí ọmọ rẹ̀ tó gbé ìkòkò tíì dání.

"Ọ̀dọ̀ ta lò ń gbé tíì lọ?"

"Àwọn òṣìṣẹ́ ni, bàbá. Òtútù ń mú wọn."

"Gbogbo wọn?"

"Ó mú ẹnì kan ju àwọn tó kù lọ."

Jabez gbé ẹ̀wọ̀n ọkọ̀ sílẹ̀. "Ẹni tó ń já oúnjẹ gbà lẹ́nu mi, ìwọ tún wá ń gbé tíì fún un."

Ìyẹn ju ọ̀rọ̀ mẹ́wàá lọ, Olive sì mọ̀ pé inú ń bí i dé góńgó. Ó gbé tíì náà lọ ṣáá. Declan ní kí ó fọkàn balẹ̀, pé bí afárá bá ti parí báyìí, òun á wá bá bàbá rẹ̀ sọ̀rọ̀ bí ọkùnrin. Afárá parí ní oṣù karùn-ún ọdún 1963. Wọ́n fun fèrè, wọ́n gé rìbọ́ọ̀nù, àwọn ọmọdé sáré lórí rẹ̀ lọ sáré bọ̀. Declan ti wà ní Scotland láti ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ òmíràn. Ó fi káàdì kan ránṣẹ́ tó ní àwòrán afárá lára. Ohun tó kọ sẹ́yìn rẹ̀ ni pé, "Tibí yìí tóbi ju tiyín lọ fíìfíì." Olive kà á lẹ́ẹ̀kan, ó ká a sí mẹ́rin, ó fi há fèrèsé ilé ìdáná tó ń mì bí atẹ́gùn bá fẹ́. Kò sọ̀rọ̀ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n jálẹ̀ oṣù kẹfà ọdún náà, àwọn tó ń gba orí afárá kọjá ń rí ọmọbìnrin kan nísàlẹ̀ tó ń fa ọkọ̀ òfìfo lọ sí òdìkejì, tó ń fà á padà, láì sí ẹni tó pè é.

Lọ́dún 1968, omi wọ Òpópónà Ìsàlẹ̀ lóòótọ́. Bàbá àti ọmọ fi ọ̀pá irin ṣí òkúta náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, kò sì tó ọ̀sán tí ilẹ̀ fi gbẹ. Wọ́n dá a padà sáyè rẹ̀. Ìwé ìròyìn kọ ọ́ pé ìjọba ìbílẹ̀ gbìyànjú gan-an ni.

Jabez ti búra pé ẹsẹ̀ òun kò ní tẹ afárá náà láé. Bí ó bá fẹ́ lọ sí òdìkejì, abẹ́ rẹ̀ ló ń fa ara rẹ̀ gbà, àwọn tó wà lókè á sì máa juwọ́ sí i. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1974 àìsàn gbé e ṣánlẹ̀, kò mọ ibi tó wà mọ́, ọkọ̀ ilé ìwòsàn sì gba orí afárá gbé e lọ láì bi í. Òdìkejì ló kú sí. Ọkùnrin tó ń sin òkú wá bá Olive pẹ̀lú fìlà dúdú lọ́wọ́.

"Omidan Thurkettle, ẹ kú àtẹ̀mọ́ra. Ìṣẹ́jú méjì péré ló máa gbà wá lórí afárá."

Olive nawọ́ sí pósí. "Ẹ sọ fún un fúnra yín."

Ọkùnrin náà wo pósí, ó wo Olive, ó wo apá rẹ̀. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì.

Láti ọdún méjì tí apá Jabez kò ti ká ẹ̀wọ̀n mọ́ ni ọkọ̀ náà ti wà lórí ìdè, ìdí rẹ̀ sì ti ń jò bí asẹ́. Wọ́n gbé pósí sí àárín, ọkùnrin mẹ́rin dúró tì í, fíkà tuntun, ọkùnrin sísanra kan tó ti ìlú ńlá wá, dúró síwájú pẹ̀lú ìwé orin. Gbogbo abúlé wà lórí afárá, nítorí ibẹ̀ ló dára jù láti wòran. Olive ló dá ẹ̀wọ̀n fà. Nígbà tí wọ́n dé àárín odò, omi ti dé ọrùn ẹsẹ̀ wọn. Ní ẹsẹ orin kejì, fíkà ti ká ìwé orin mọ́ abíyá, ó sì ń fi fìlà rẹ̀ gbọ́n omi. Wọ́n gúnlẹ̀. Wọ́n gbé òkú sọ̀kalẹ̀. Ọkọ̀ náà rọra rì sẹ́yìn wọn. Olive kò sunkún títí dìgbà náà. Ọkọ̀ yẹn ló wò tó fi bú sẹ́kún. Ọgbọ̀n ọdún lẹ́yìn náà, ìwé pélébé kan jáde tó sọ pé àṣà àtayébáyé ni fún àwọn ará Mardlingham láti máa gbé òkú wọn gba orí omi. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni wọ́n ṣe é rí. Ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan náà kúkú nìyẹn.

Lẹ́yìn ikú bàbá rẹ̀, Olive gba iṣẹ́ gbígbá ṣọ́ọ̀ṣì àti títọ́jú kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ó ṣe é títí irun rẹ̀ fi funfun. Kò bá ẹnikẹ́ni jà, kò sì bá ẹnikẹ́ni dọ́rẹ̀ẹ́ jù. Lọ́dún 1998 ni Ọ̀gbẹ́ni Crispin Hallworthy dé.

Agbẹjọ́rò ni Hallworthy jẹ́ ní London kí ó tó fẹ̀yìn tì. Ó ra ilé ọlọ, ó fi gíláàsì sí gbogbo ibi tí ògiri wà, ó sì rí i láàárín oṣù mẹ́ta pé àwọn ará abúlé náà kò mọ ìtàn ara wọn. Ó ṣàánú wọn. Ó dá Ẹgbẹ́ Onítàn Mardlingham sílẹ̀, ó fi ara rẹ̀ ṣe alága, akọ̀wé àti olùwádìí. Àlejò lójú, kò fi ríran, ni àwọn àgbà wí. Ṣùgbọ́n àlejò yìí ní awò ojú, ó ní kámẹ́rà, ó sì ní ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ tó gbé ka orí tábìlì Olive lọ́sàn-án Ọjọ́rú kan.

"Omidan Thurkettle, ẹ̀yin lẹ pẹ́ jù níbí. Ẹ sọ gbogbo ohun tí ẹ mọ̀ fún mi."

"Bàbá mi ni atukọ̀ ibí," ni Olive bẹ̀rẹ̀.

"Ó mà dára o! Ṣé ẹ mọ̀ pé láti ìgbà àwọn ará Róòmù ni wọ́n ti ń tukọ̀ níbí?"

"Mi ò mọ àwọn ará Róòmù, sà. Bàbá mi ni mo mọ̀."

Kásẹ́ẹ̀tì náà gùn tó wákàtí kan àbọ̀. Lẹ́yìn ìbẹ̀rẹ̀ yìí, ìgbà méjì péré ni wọ́n tún gbọ́ ohùn Olive nínú rẹ̀: ìgbà tó bi Hallworthy bóyá ó ń fi ṣúgà sí tíì, àti ìgbà tí Hallworthy sọ fún un pé òkúta tó wà ní ìparí òpópónà ni àwọn ará àtijọ́ fi ń bọ oòrùn, tí Olive sì dáhùn pé, "Ìdérí gọ́tà nìyẹn, sà." Hallworthy rẹ́rìn-ín títí. Ó ní òun fẹ́ràn àwàdà àwọn ará oko.

Ó ti wọ̀n ọ́n. Ó ní ní ọjọ́ tó gùn jù lọ́dún, bí ènìyàn bá dúró lẹ́yìn òkúta náà, kí ó tẹ̀ sí òsì díẹ̀, kí ó sì di ojú kan, oòrùn á yọ gẹ́lẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé gogoro ṣọ́ọ̀ṣì. Èyí fi hàn gbangba pé àwọn tó gbé òkúta náà síbẹ̀ lọ́gbọ́n lórí. Ní ti ọgbọ́n, kò ṣìnà. Ẹni tó ni orí náà ló ṣì mọ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ ṣí àkọlé onídẹ tó sọ ìtàn òkúta, wọ́n ṣe ìpàdé ní gbọ̀ngàn abúlé, wàràkàṣì àti wáìnì wà níbẹ̀. Hallworthy bèèrè bóyá ẹnikẹ́ni ní ọ̀rọ̀ sọ. Olive dìde ní ẹ̀yìn.

"Bàbá mi ló gbé òkúta yẹn síbẹ̀ lọ́dún 1953. Ó fi dí ihò tí fíkà kó sí. Bí omi bá wọlé, ẹ gbọ́dọ̀ ṣí i."

Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín. Ẹnì kan pàtẹ́wọ́. Akọ̀wé, ìyẹn Hallworthy, kọ ọ́ sínú ìwé ìpàdé pé Omidan Thurkettle dá àwọn ènìyàn lára yá.

Len Gotts, tó ti jogún ilé ọtí Adé lọ́wọ́ bàbá rẹ̀, sá tẹ̀ lé Olive jáde.

"Àǹtí Olive, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi òkúta yìí sílẹ̀ jàre. Lọ́jọ́ Sátidé tó kọjá, èèyàn mẹ́rìnlélógún ló jẹun lọ́dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n wò ó tán."

"Bàbá rẹ ló yá bàbá mi ní okùn tí wọ́n fi wọ́ ọ, Len."

"Mo mọ̀."

"O mọ̀?"

"Bàbá mi sọ fún mi. Ṣùgbọ́n àǹtí mi, ta ló máa wakọ̀ ogójì máìlì wá wo ìdérí gọ́tà?"

Olive rò ó wò. Kò sẹ́ni tó máa wá.

Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ń wá wo òkúta lóòótọ́. Àwọn obìnrin tó ń wá ọmọ ń gbá òkúta náà mọ́ra. Tọkọtaya tó fẹ́ kọ ara wọn sílẹ̀ wá di ọwọ́ ara wọn mú lórí rẹ̀, wọ́n sì jà kí wọ́n tó dé ìdí mọ́tò wọn. Ọkùnrin kan wá láì wọ bàtà, aṣọ ìkélé ló fi bora, ó dọ̀bálẹ̀ fún òkúta náà, ó sì fi èdè kan tó jọ pé òun fúnra rẹ̀ ló dá a sílẹ̀ kí i. Olive ń wò wọ́n láti ojú fèrèsé bí ẹni ń wo tẹlifíṣọ̀n, ó sì ń po tíì. Ìjọba ìbílẹ̀ fi okùn yí òkúta ká, wọ́n sì ṣòfin pé ẹni tó bá fẹ́ fọwọ́ kàn án gbọ́dọ̀ kọ̀wé bèèrè, èsì á dé láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Olive kọ lẹ́tà sí Hallworthy. Ó bi í pé bí omi bá dé, ṣé ó máa dúró fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Hallworthy kọ èsì padà, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ìfẹ́ tó ní sí ohun ìṣẹ̀ǹbáyé.

Ọ̀rọ̀ àgbà, bí kò ṣẹ lówùúrọ̀, á ṣẹ lálẹ́. Ti Olive ṣẹ ní aago mẹ́sàn-án òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, ní oṣù kọkànlá ọdún 2003. Òjò ti rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Odò gba ẹ̀gbẹ́ itẹ́ òkú ṣọ́ọ̀ṣì wọlé, ó sọ̀kalẹ̀ wá sí Òpópónà Ìsàlẹ̀, ó sì jókòó síbẹ̀. Ó dé orúnkún. Nígbà tó fi di aago mẹ́wàá, ó ti wọ ilé mọ́kànlá, ó ti wọ àjà ilẹ̀ Len, ó sì ti wọ ilé ọlọ Hallworthy láti ẹ̀yìnkùlé, níbi tí gbogbo ìwé Ẹgbẹ́ Onítàn wà nínú páálí nílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Olive jáde nínú bàtà rọ́bà tó gùn dé itan, ọ̀pá irin bàbá rẹ̀ ló gbé lé èjìká. Ẹni ọdún mẹ́rìndínláàádọ́rin ni. Nígbà tó dé ìdí òkúta, Hallworthy ti wà níbẹ̀, ó dúró sínú omi pẹ̀lú agboòrùn, bí ẹ̀ṣọ́ ààfin tí wọ́n gbàgbé láti sọ fún pé ọba ti lọ.

"Omidan Thurkettle, mo mọ ohun tí ẹ fẹ́ ṣe. Ẹ ò lè ṣe é. Òfin ló ń dáàbò bo òkúta yìí."

"Omi ò kàwé, sà."

"Ẹgbẹ̀rún mẹ́ta ọdún ló ti wà níbí!"

"Àádọ́ta ọdún. Ìṣojú mi ni. Mo di ẹṣin kan mú."

"Ẹ̀rí dà?"

"Ẹ kúrò lórí ẹ̀rí náà, ẹ ó rí i."

Olive ki ọ̀pá irin bọ abẹ́ òkúta, ó tẹ̀ ẹ́. Òkúta kò mira. Ó tún tẹ̀ ẹ́. Lọ́dún 1968, ènìyàn méjì ni wọ́n, ó sì kéré lọ́jọ́ orí ní ọdún márùndínlógójì. Ó dúró, ó ń mí gúlegúle, òjò ń ṣàn lójú rẹ̀. Fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń gbé ayé, ó pariwo bí àwọn tó wà ní òdìkejì ti máa ń pariwo sí bàbá rẹ̀.

"Len! Len Gotts! Gbé katakata wá!"

Len wà lẹ́nu ọ̀nà ilé ọtí rẹ̀. Ó wo Olive, ó wo Hallworthy, ó sì rántí àwọn mẹ́rìnlélógún tó ń jẹun lọ́jọ́ Sátidé. Bóyá ibẹ̀ ni ì bá dúró sí di báyìí. Ṣùgbọ́n àgbá ọtí kan léfòó gòkè láti inú àjà ilẹ̀, ó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, ó jáde sí òpópónà. Òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ̀rí ọkàn Len jí.

"Mò ń bọ̀, àǹtí!"

Katakata tí Len fi ń tu oko ẹ̀yìn ilé dé pẹ̀lú ẹ̀wọ̀n irin. Olive ló so ó. Kò sẹ́ni tó mọ ẹ̀wọ̀n so jù ú lọ. Hallworthy ní òun á kọ̀wé sí ìjọba ìbílẹ̀. Olive ní kí ó kọ ọ́ sórí nǹkan tí kò ní rì. Katakata fà. Okùn ìjọba já, àkọlé onídẹ tẹ̀, òkúta ṣe bíi kí ó má mì, ó sì yí lójijì. Ilẹ̀ fa omi sínú pẹ̀lú ìró kan tó dà bí ìgbà tí òmìrán bá ń fẹnu fa ọbẹ̀. Àgbá ọtí méjì tó ń léfòó yí ojú padà, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í bọ̀.

Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí wọ́n fi rí ojú títì. Lára sìmẹ́ǹtì etí ihò náà, ìka ènìyàn ti kọ nǹkan síbẹ̀ kí ó tó gbẹ: J. Thurkettle, 1953. Hallworthy bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi àtàǹpàkò nu ẹrẹ̀ kúrò lára rẹ̀. Ó kà á. Ó tún kà á, gẹ́gẹ́ bí agbẹjọ́rò tó ń wá ibi tí ìwé ẹjọ́ ti lu. Kò lu níbì kankan. Ó wá jókòó lórí òkúta náà nínú òjò, agboòrùn rẹ̀ ti lọ bá odò.

Olive wọlé lọ, ó gbé ife tíì méjì jáde. Ó jókòó tì í.

"Ẹ ti sọ fún mi," ni Hallworthy wí.

"Ẹ̀ẹ̀mẹrin. Ọ̀kan tiẹ̀ wà nínú lẹ́tà."

"Kí ló dé tí mi ò fi gbọ́?"

"Ẹ ń sọ̀rọ̀ lọ́wọ́ ni."

Hallworthy gba ife kan lọ́wọ́ rẹ̀. Tíì náà gbóná, ó mu ún láì béèrè ṣúgà. Olive rí i pé ọkùnrin yìí lè dákẹ́ tó báyìí, ojú tirẹ̀ náà sì rọ̀ sí i díẹ̀.

Ẹ má rò pé òtítọ́ wá borí. Ní ìpàdé Ẹgbẹ́ Onítàn ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dìbò lórí ọ̀rọ̀ àkọlé onídẹ, kí wọ́n mú un kúrò tàbí kí wọ́n fi í sílẹ̀. Ènìyàn mọ́kàndínlógún ní kí ó wà, mẹ́rin ní kí ó kúrò. Wọ́n ní ìwé pélébé tó sọ ìtàn òkúta ti jáde lọ́dọ̀ àwọn atẹ̀wé, ẹgbẹ̀rún méjì, irọ́ tí wọ́n bá sì ti tẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ń kó dànù. Wọ́n to àkọlé náà padà. Òkúta padà sórí ihò, ṣùgbọ́n wọ́n kan òrùka irin mọ́ ọn kí katakata lè rí ibi dì mú. Hallworthy wà lára àwọn mẹ́rin. Ó fi ipò alága sílẹ̀ lọ́jọ́ náà, Len sì gbà á. Len ní òun kò mọ ìtàn, òun mọ oúnjẹ.

Láti ìgbà náà, Hallworthy ń lọ sílé Olive ní gbogbo Ọjọ́bọ̀. Àdéhùn wọn ni pé Olive á máa sọ̀rọ̀, Hallworthy á máa kọ ọ́, kò sì gbọ́dọ̀ la ẹnu rẹ̀ títí tíì á fi tán nínú ìkòkò. Olive wá ra ìkòkò tíì tó tóbi sí i. Ìgbà òtútù mẹ́ta ni wọ́n fi kọ ìwé olójú ewé méjìdínláàádọ́ta kan, gbogbo ohun tí ojú rẹ̀ ti rí láti ìgbà tó ti wà ní ilé atukọ̀: ẹni tó sọdá pẹ̀lú ta ni, ẹni tó sọdá lóun nìkan tó sì yẹ kó jẹ́ pẹ̀lú ìyàwó rẹ̀, bàbá àgbà ẹni tó jí ọ̀dọ́ àgùntàn gba orí omi, ẹni tó bẹ Jabez pé kí ó má sọ, tí Jabez kò sì sọ, torí Jabez kì í sọ. Kò sí irọ́ kan nínú rẹ̀.

Igba ẹ̀dà ni wọ́n tẹ̀. Ọgbọ̀n ni wọ́n rí tà, gbogbo rẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ kan ṣoṣo, àárín abúlé náà sì ni. Nígbà tí àwọn ènìyàn kà á tán, ààbọ̀ Òpópónà Ìsàlẹ̀ kò kí Olive mọ́. Wọ́n ń rí i lọ́ọ̀ọ́kán, wọ́n ń ré títì kọjá sí òdìkejì. Len wá kìlọ̀ fún un.

"Àǹtí Olive, inú ń bí wọn o. Wọ́n ní ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti dákẹ́ láti ọjọ́ yìí wá, kí ló dé tẹ́ ò kúkú dákẹ́ lọ? Mi ò rò pé wọ́n á bá yín sọ̀rọ̀ títí di Kérésìmesì."

"Títí di Kérésìmesì?"

"Bóyá títí di Ọdún Àjíǹde pàápàá."

Olive sún àga rẹ̀ sẹ́nu ọ̀nà níbi tí oòrùn wà, ó na ẹsẹ̀, ó sì ní ìsinmi tó tó bẹ́ẹ̀ kò tíì kan òun rí.